Owó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má tíì ra yunifọ́ọ̀mù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ọ̀pọ̀ wa ń gbé Èkó àti Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ wa dá ₦1,500,000 jọ láti fi ran àwọn ọmọ tí òbí wọn ò rọ́wọ́ họrí lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé. Ẹnu wa ò wá kò. Àwọn kan ní ká mú ọmọ mẹ́fà tó mọ̀wé jù, ká kó wọn lọ sí ilé-ìwé aládàáni tó dáa. Àwọn kan ní ká ra yunifọ́ọ̀mù àti báàgì fún ọmọ tó bá pọ̀. Alága wa ní ká tún kíláàsì kan ṣe, ká kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára ògiri rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ lowó yìí, Màmá, kí lẹ máa fi ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí n tó fèsì, ẹ jẹ́ n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Nínú gbogbo yín tẹ́ ẹ jókòó sípàdé yẹn, ta ló ti jókòó ti ọmọ kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé ìjọba kan lẹ́nu ọdún yìí, tó ní kó kàwé sóun létí? Mi ò ní kó dìde kó kí yín lédè òyìnbó o. Ìyẹn, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Mo ní kó kàwé.

Ìdí tí mo fi béèrè rèé. Ọdún 33 ni mo fi ṣe tíṣà. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún mi nígbà kan, ìyá ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n, ìyá àti bàbá rẹ̀ ń ṣòwò ní Jos. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí ní ìlú wa: àwọn òbí á wà lájò, ọmọ á wà lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ìwé ọmọ náà mọ́ tónítóní. Ohun tí mo bá kọ sójú pátákó, á ti dà á kọ tán kí n tó gbọn ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ mi nù. Ìwé tiẹ̀ ni mo máa ń gbé síwájú bí àwọn tó ń bẹ ilé-ìwé wò bá dé. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà yẹn mú lẹ́tà wá bá mi, ó ní ọmọ òun ló kọ ọ́ láti Jos, kí n bá òun kà á. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, ẹ ní ọmọ kíláàsì karùn-ún nílé, ẹ wá ń gbé lẹ́tà tọ̀ mí wá?" Mo bá pe ọmọ náà. Yorùbá ni wọ́n fi kọ lẹ́tà ọ̀hún. Ó di ìwé mú, ó ń wò ó, òógùn bò ó. Kò mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Gbogbo ohun tó ti ń kọ fún ọdún márùn-ún, yíyà ló ń yà á, bí ẹni ń ya àwòrán adìyẹ.

Èmi ni tíṣà rẹ̀. Ojú tì mí ju bó ṣe ti ọmọ náà lọ.

Ẹ sì wò ó, ọmọ yẹn ò sá ilé-ìwé rí. Ó ní yunifọ́ọ̀mù, ìyá àgbà ń fọ̀ ọ́ lálaalẹ́ ni. Ó ní báàgì. Orí bẹ́ǹṣì ló ń jókòó, abẹ́ páànù tí kò jò. Gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ yín fẹ́ fowó rà ni ọmọ náà ti ní tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan. UNICEF sọ pé bí a bá kó ọmọ mẹ́rin jọ ní Nàìjíríà, láàárín ọmọ ọdún 7 sí 14, mẹ́ta nínú wọn ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kan tàbí kó ṣe ìṣirò tí kò le. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú wọn ò lọ sí ilé-ìwé rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wọ yunifọ́ọ̀mù jáde nílé láràárọ̀, tí wọ́n ń kọrin lórí ìlà, tí orúkọ wọn sì wà nínú ìwé tí tíṣà fi ń pe orúkọ.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àbá yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti ọmọ mẹ́fà yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ lé dànù. Ọmọ tó mọ̀wé jù ní ilé-ìwé ìjọba, ó ti rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà. Ẹnìkan ń bẹ nílé tó ń jókòó tì í, tàbí kó jẹ́ pé orí rẹ̀ pé débi pé kò nílò ẹni tó máa tì í. Owó yín ò ní yí nǹkan púpọ̀ padà fún un. Yàtọ̀ síyẹn, owó ilé-ìwé aládàáni kì í ṣe ohun téèyàn ń san lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tó ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ mẹ́rin. Ọdún àkọ́kọ́ lọ dáadáa, wọ́n ya fọ́tò. Ní ọdún kejì, ìjà alága àti akápò dá ẹgbẹ́ rú. Sáà kejì ni wọ́n lé àwọn ọmọ náà padà sílé nítorí owó, ojú wá ń tì wọ́n láti padà sí ilé-ìwé tí wọ́n ti kúrò. Ọ̀kan nínú wọn lọ kọ́ṣẹ́ rewáyà, kò tún wọ kíláàsì mọ́. Ẹ̀yin náà ti ní ẹnu yín ò kò lónìí, nígbà tí owó ṣì pé.

Ti kíláàsì títúnṣe: iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, owó rẹ̀ sì wà. Ìjọba àpapọ̀ ń ya owó sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ UBEC, ìyẹn àjọ tiwọn tó ń rí sí ẹ̀kọ́ náà, ìpínlẹ̀ á gbé ìdajì tirẹ̀ kalẹ̀ kó tó lè gbà á, SUBEB, ìyẹn àjọ ìpínlẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, á sì fi kọ́ kíláàsì. Tí páànù ilé-ìwé kan bá ń jò, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi fọ́tò sí i, ẹ ní kí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, ìyẹn SBMC, fọwọ́ sí i, kí ẹ máa lọ síbẹ̀ títí wọn á fi dá yín lóhùn. Èèyàn tó ń gbé Ìbàdàn nínú yín lè ṣe é. Ẹ bá mi sọ fún alága pé mo kí i, ṣùgbọ́n orúkọ ara ògiri ò kọ́ ọmọ kankan ní A, B, D.

Yunifọ́ọ̀mù ni mi ò fẹ́ fi ṣeré. Ohun kékeré ló ń lé ọmọ tálákà kúrò ní ilé-ìwé: bàtà tó já, ìwé tó tán, owó PTA tí wọ́n fi lé e sílé lọ́jọ́ ìdánwò. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, ó sì pọn dandan. Òbí tí kò bá rán ọmọ rẹ̀ lọ, wọ́n á kọ́kọ́ kì í nílọ̀, bó bá tún ṣe é, ó lè san ₦2,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Ẹni tó bá sì gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ó lè san tó ₦10,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, mi ò rí òbí kan tàbí ọ̀gá kan tí wọ́n mú. Ní ìpínlẹ̀ wa, Gómìnà Ṣèyí Mákindé fagi lé ₦3,000 tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ girama nígbà tó dé lọ́dún 2019, ó sì ran ọ̀pọ̀ òbí lọ́wọ́. Àmọ́ owó kéékèèké mìíràn máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, pàápàá níbi tí ọ̀gá ilé-ìwé ò ti rí owó ra ṣọ́ọ̀kì. Nítorí náà, ẹ máa fi díẹ̀ sọ́tọ̀ fún bàtà àti ìwé. Díẹ̀ ni mo wí. Ẹ má pín yunifọ́ọ̀mù ní gbàgede tí fọ́tò ń tàn wàì lójú ọmọ. Ẹ fún ìyá rẹ̀ nílé.

Àwa Yorùbá ti ṣílẹ̀kùn ilé-ìwé rí, a sì mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, Olóyè S. O. Awókọ́yà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Iye ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 lọ́dún 1954 sí nǹkan bí 811,000 lọ́dún yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára wọn, bí kì í bá ṣe ọ̀fẹ́, ìdí àtẹ ni ì bá wà títí ayé. Ṣùgbọ́n tíṣà tó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ ò tó fún ọmọ tó ya wọlé bí omi. Wọ́n kó àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọ kíláàsì, àwọn òbí sì ń ráhùn pé ọmọ ń lọ, ọmọ ń bọ̀, kò mọ nǹkan kan. Ìlẹ̀kùn ti ṣí láti ọjọ́ náà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ló kù.

Ohun tí èmi máa fi owó yín ṣe nìyí: mo máa fi kọ́ ọgọ́ta ọmọ ní ìwé kíkà, lédè Yorùbá, láàárín ọdún kan.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí máa sọ. "Yorùbá kẹ̀? Ṣé ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá tẹ́lẹ̀ ni?" Ẹ dá wọn lóhùn pé nítorí pé ó gbọ́ ọ ni. Ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà lédè tí kò gbọ́, ẹrù méjì ló rù pọ̀: kò mọ lẹ́tà, kò sì mọ ohun tí lẹ́tà ń wí. Lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní, ohùn tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní lónìí náà ló ní lọ́la. Ọmọ tó bá ti mọ b, tó mọ a, tó mọ t, tó sì ti mọ ẹ̀yà àmì ohùn, kò sẹ́ni tó máa kà "bàtà" fún un mọ́. Òyìnbó ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ "laugh", kẹ́ ẹ wá sọ fún mi ibi tí "f" wà níbẹ̀. Ọmọ tó ti mọ̀ pé ìwé ń sọ̀rọ̀, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lédè ìyá rẹ̀, ó máa fara da wàhálà òyìnbó lẹ́yìn náà.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé Yorùbá á fa ọmọ sẹ́yìn. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ lédè Yorùbá, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, tí tíṣà tó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní òyìnbó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n kọ́ bá a ṣe ń kọ́ni tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú òyìnbó gan-an pẹ̀lú.

Bí a ṣe máa ṣe é wá kù. Àwọn ará Íńdíà ló kọ́ mi ní apá yìí, kì í ṣe pé mo lọ síbẹ̀ o, kíkà ni mo kà á. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Pratham, tó bẹ̀rẹ̀ ní Mumbai lọ́dún 1995, ṣàkíyèsí pé tíṣà ń lé ìwé ọdún kárí, ọmọ tó bá já sílẹ̀ lọ́dún kejì, kò sẹ́ni tó ń padà lọ gbé e. Wọ́n wá dẹ́kun fífi ọjọ́ orí tò wọ́n. Wọ́n ń fi ohun tí ọmọ lè kà tò wọ́n. Ọmọ kíláàsì karùn-ún tí kò mọ lẹ́tà á jókòó pẹ̀lú ọmọ kíláàsì kẹta tí kò mọ lẹ́tà, fún wákàtí kan tàbí méjì lóòjọ́, wọ́n á máa kọ́ ohun kan náà. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n, á bọ́ sí ẹgbẹ́ tó kàn. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí àwọn àti Michael Kremer jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí ètò ọrọ̀ ajé lọ́dún 2019, wà lára àwọn tó yẹ iṣẹ́ yìí wò, wọ́n sì rí i pé ó ń gbé ọmọ tó ti já sílẹ̀ dìde. Kò gba kọ̀ǹpútà. Kò gba ilé tuntun.

Ilé-ìwé kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ má pín ara yín sí ilé-ìwé mẹ́wàá nítorí pé kóówá yín fẹ́ kó dé àdúgbò tirẹ̀. Ọmọ kíláàsì kẹta sí ìkarùn-ún ni kẹ́ ẹ dojú kọ, ọgọ́ta tí kò lè kàwé jù. Tíṣà mẹ́rin, ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́ tíṣà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ wa tó gba NCE, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ tíṣà, tí wọ́n ń wáṣẹ́ kún ìlú. Ẹ mú àwọn tó ń gbé nítòsí ilé-ìwé náà, tí òjò ò ní fi ṣe àwáwí. Ẹ fún wọn ní ₦20,000 lóṣù. Fún oṣù mẹ́sàn-án, ₦720,000 nìyẹn. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, wákàtí kan àbọ̀.

Wákàtí wo? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní lẹ́yìn ilé-ìwé. Lẹ́yìn ilé-ìwé, igbá wà nílé tó ń dúró de ọmọbìnrin. Ó ní láti kiri fùfú tàbí omi inú ọ̀rá dé Ọjà Igbó kí ilẹ̀ tó ṣú, owó tó bá mú wálé ni wọ́n máa fi se ọbẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ó yan láàárín yín àti igbá, igbá ló máa borí, kò sì jẹ̀bi. Ẹ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé kó fún yín ní wákàtí tó kẹ́yìn kí wọ́n tó jáde, kó wá ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré tí ẹ máa gbà lọ́wọ́ ìyá. Lẹ́yìn náà kí obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ yín lọ bá àwọn ìyá àti ìyá àgbà nílé, kí wọ́n kúnlẹ̀ kí wọn, kí wọ́n sì sọ fún wọn pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Ẹ má rán lẹ́tà sí wọn. Ẹ̀yin náà mọ ìdí.

Tó bá jẹ́ pé apá ìjọba ìbílẹ̀ Oríire tàbí Súrùlérè ti agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ wa lẹ lọ, ẹ tún ṣọ́ àsìkò kajú. Láti oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún, ọmọ máa ń wà lóko tí wọ́n ń ṣa kajú, kíláàsì á ṣófo bí ọjà tó tú. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ tó le jù ti wáyé ṣáájú oṣù kejì.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ oúnjẹ. Ẹ̀kọ àti àkàrà, tàbí ẹ̀wà, nǹkan bí ₦200 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógójì, ó jẹ́ ₦432,000. Owó gidi ni, mo mọ̀, àmọ́ ọmọ tí kò jẹun láàárọ̀ kì í gbọ́ ohun tí tíṣà ń wí. Ẹ̀kọ àti ẹ̀kọ́, àmì orí kan ló pín wọn níyà. Ọ̀dọ̀ ìyá kan nínú àwọn òbí ni kẹ́ ẹ ti máa rà á, kí owó náà wà ládùúgbò. ₦130,000 fún ìwé, síléètì, ṣọ́ọ̀kì àti káàdì lẹ́tà tí àwọn tíṣà máa fi káádì bọ́ọ̀dù gé fúnra wọn. Ó ku ₦218,000. Òun ni ti bàtà tó já, owó PTA, àti nǹkan oṣù fún àwọn ọmọbìnrin tó ti bàlágà, tí wọ́n ń pa ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún jẹ lóṣooṣù láìsọ ìdí fẹ́nikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan ni kí owó yìí wà, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú ọgọ́ta yẹn, ẹ máa rí ọmọ kan tàbí méjì tí kò mọ nǹkan kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí àwọn yòókù ti ń kàwé. Ẹ má pè é ní olódo. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sí iwájú pátákó, kẹ́ ẹ wò ó bóyá kò ríran ni. Ẹ pè é láti ẹ̀yìn, bóyá kò gbọ́ràn dáadáa. Ọ̀yọ́ tó súnmọ́ wa yìí ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ àwọn tíṣà àkànṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ mú ọmọ náà dé ibẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tí kò sí ní ilé-ìwé rárá ńkọ́? Ẹ fi àyè márùn-ún sílẹ̀ fún wọn nínú ọgọ́ta náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, kò ní jókòó pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́fà ní kíláàsì kìíní, ó sàn fún un kó kú sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ní ẹgbẹ́ ìwé kíkà, kò sẹ́ni tó máa bi í ní kíláàsì tó wà.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ lọ dán ogún ọmọ wò. Kí ọ̀kan nínú yín jókòó ti ọmọ kan lábẹ́ igi máńgòrò, kí ó jìnnà sí tíṣà rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́tà mẹ́wàá hàn án, kí gb àti ṣ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ mẹ́wàá: ilé, ajá, bàtà, ẹja, irú wọn. Lẹ́yìn náà, ìtàn. Èmi ni mo kọ èyí, ẹ lè lò ó:

Àbẹ̀kẹ́ ra ẹyin méjì lọ́jà. Ó gbé wọn sínú igbá. Òjò bẹ̀rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ sáré wọlé. Ẹyin kan fọ́. Ìyá rẹ̀ ní, "Ó ku ọ̀kan. Jẹ́ ká dín in."

Bí ó bá kà á tán, ẹ bi í pé kí ló fọ́ ẹyin. Kò sí nínú ìwé, ọmọ tó bá yé á sọ fún yín. Ẹ má tún ohun tó bá kà ṣe, ẹ má bínú, ẹ kàn fàmì sí ibi tó dé. Tí ó bá ju mẹ́wàá lọ nínú ogún tó ka ìtàn náà já, ẹ padà wá bá mi, mo máa yí ìdáhùn mi padà, mo sì máa bá yín ra yunifọ́ọ̀mù.

Ẹ kàn má fi ìtàn náà han ọ̀gá ilé-ìwé ṣáájú. Tíṣà ni mí, mo mọ ohun tí a máa ń kọ́ ọmọ sórí lọ́jọ́ tí àlejò bá ku ọ̀la.